Ẹ̀jẹ̀ Ń Sọ̀rọ̀, Àmọ́ Kì Í Ṣe Gbogbo Ọ̀rọ̀ Ló Ń Sọ

 

Aboabo, ní ìlú Kumasi lórílẹ̀-èdè Gánà, ni lẹ́tà tí a fẹ́ dáhùn lọ́tẹ̀ yìí ti wá. Ẹni tó bá mọ Kumasi yóò mọ Aboabo. Ọ̀kan nínú àwọn Zongo ìlú náà ni, níbi tí Yorùbá, Haúsá, Dagomba àti Mossi ti ń gbé agboolé kan náà, tí wọ́n ń pọn omi níbi kan náà, tí wọ́n sì ń kírun ní mọ́sálásí kan náà. Ìyá kan níbẹ̀ ló kọ̀wé sí wa nípa ọmọbìnrin rẹ̀, ẹni ogún ọdún tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀.

Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí nǹkan kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún ọmọ náà. Ó nípọn, ó dúdú ju awọ ara rẹ̀ yòókù lọ, ìpẹ́ funfun sì ń bọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dé awọ orí rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní làpálàpá, wọ́n fi oògùn làpálàpá pa á. Wọ́n fi ọṣẹ dúdú bó o, wọ́n fi àgbo wẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún ra ìpara kan tí wọ́n pò sínú ike kékeré lọ́jà. Ìpara yẹn mú un lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà dé, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ife omi tiwọn wá láti ilé. Obìnrin kan gbé kẹ́tùlù àlùwàlá kúrò níwájú rẹ̀ ní mọ́sálásí. Láìpẹ́ yìí ni àwọn ẹbí ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ bèèrè pé, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀ nìyí?"

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn níkẹyìn. Dókítà wo ara rẹ̀, ó wo orí rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀, ó sì ní psoriasis ni. Sọráyásísì ni wọ́n ń pè é lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà yóò sì máa kọ ọ́ níhìn-ín. Ó ní àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ló ń bá awọ rẹ̀ jà. Ìyá gbọ́ "inú ẹ̀jẹ̀", ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó mú owó tí ó ti ń tọ́jú fún fíríìdọ̀mù ọmọ rẹ̀, ó lọ sí láàbù kan, ó ní kí wọ́n yẹ gbogbo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìwé tí wọ́n fún un sọ pé ESR ga, CRP ga, rheumatoid factor kò sí, HIV kò sí. Wọ́n tún kọ lẹ́tà L síwájú ọ̀rọ̀ kan tí ń jẹ́ neutrophil, ìyẹn ni pé ó kéré. Kò sí ibì kankan tí wọ́n kọ sọráyásísì sí.

Ìyá wá bi wá ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun ti bàjẹ́ ni? Ta ni kí òun gbà gbọ́, dókítà ni tàbí ìwé? Ṣé ó lè ran ọkọ àti ọmọ tí yóò bí? Lẹ́yìn náà ló fi gbólóhùn kan kún un nísàlẹ̀, bí ẹni tí ń sọ nǹkan kékeré: "Ìka ọwọ́ rẹ̀ a máa le láàárọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì wú. Kì í lè di sísọ́ọ̀sì mú títí oòrùn á fi yọ dáadáa. A rò pé iṣẹ́ ló fà á."

Ìyá wa, gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni kò jẹ́ ká fi ìdáhùn yín falẹ̀. A ó débẹ̀.

Ọmọ ogun tó ń bá onílé jà

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín kò bàjẹ́. Kò dọ̀tí, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni fi lè fọ̀ ọ́.

Gbogbo wa la ní àwọn ọmọ ogun nínú ara. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ bodè, kí wọ́n sì bá kòkòrò àrùn jà bí ó bá wọlé. Wọn kì í fi ẹnu sọ̀rọ̀ síra wọn. Èròjà tín-tìn-tín ni wọ́n ń tú jáde láti fi ránṣẹ́ sí ara wọn: "Ẹ wá síbí," "Ẹ gbógun tì í," "Ó tó, ẹ dáwọ́ dúró." Àwọn dókítà ti fún àwọn ońṣẹ́ yìí lórúkọ. Àwọn tó kan ọ̀rọ̀ wa jù lónìí ni TNF, IL-23 àti IL-17.

Lára ẹni tó ní sọráyásísì, àwọn ońṣẹ́ yìí ń kígbe ogun nígbà tí kò sí ọ̀tá. IL-23 ń ta àwọn ọmọ ogun kan tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T jí, àwọn wọ̀nyẹn á tú IL-17 jáde, IL-17 á sì sọ fún awọ ara pé kó yára hù. Awọ ara ènìyàn a máa gbà tó bí oṣù kan kí sẹ́ẹ̀lì tuntun tó ti ìsàlẹ̀ dé òkè, kó sì ṣí dànù láìsí ẹni tó mọ̀. Ní ojú ibi tí sọráyásísì bá wà, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún péré ni. Sẹ́ẹ̀lì tuntun á máa dé kí ti àtijọ́ tó rí àyè kúrò, wọ́n á kó jọ lórí ara wọn, ohun tí a ó sì rí ni ìpẹ́ funfun yẹn.

Àwọn ìwé òyìnbó a máa sọ pé ojú ibẹ̀ ń pupa. Lára àwa adúláwọ̀, ó sábà máa ń dúdú, tàbí kó rí bí eérú, tàbí bí àwọ̀ elésè àlùkò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń pè é ní làpálàpá fún ọdún púpọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ni?

Láyé àtijọ́, ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n kà á sí ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ọdún 1841 ni Ferdinand von Hebra, dókítà awọ ara kan ní ìlú Vienna, yà á sọ́tọ̀ kedere kúrò lára ẹ̀tẹ̀. Síbẹ̀, fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, awọ ara nìkan ni wọ́n rò pé ó ń ṣàìsàn.

Ní ọdún 1979, àwọn dókítà kan ń dán oògùn kan tí ń jẹ́ cyclosporin wò fún àwọn tí oríkèé ń dùn. Díẹ̀ nínú àwọn aláìsàn náà ní sọráyásísì pẹ̀lú. Bí wọ́n ṣe ń lo oògùn náà, awọ ara wọn ń mọ́. Cyclosporin kì í ṣe oògùn awọ ara. Oògùn tí wọ́n fi ń dá sẹ́ẹ̀lì T lọ́wọ́ kọ́ ni, kí ara má baà kọ kíndìnrín tí wọ́n pààrọ̀ fún ènìyàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ẹjọ́ awọ nìkan kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú kí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun fún, tí sọráyásísì wọn sì lọ lẹ́yìn iṣẹ́ náà, nítorí inú mùdùnmúdùn ni ara ti ń ṣe àwọn ọmọ ogun rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń ṣe oògùn tó ń di àwọn ońṣẹ́ náà lẹ́nu. Ní ọdún 2004, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí etanercept, tó ń di TNF lẹ́nu, fún sọráyásísì. Ní ọdún 2009, ó kan ustekinumab, tó ń dí IL-23 àti IL-12 lọ́wọ́. Ní ọdún 2015, ó kan secukinumab, tó dojú kọ IL-17. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo wọn, wọ́n sì wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n àṣeyọrí wọn fi hàn pé ibi tí a tọ́ka sí kò ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká ka ìwé láàbù náà papọ̀

A kì í ṣe dókítà ọmọ yín, a kò sì lè dá ẹjọ́ àyẹ̀wò ẹnikẹ́ni láti ọ̀nà jíjìn. Ohun tí a lè ṣe ni pé ká sọ ohun tí àwọn orúkọ inú ìwé náà túmọ̀ sí.

*ESR.* Wọ́n á bu ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á nà án ró fún wákàtí kan, wọ́n á wá wo bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe rì sí ìsàlẹ̀ tó. Bí ogun bá ń lọ nínú ara, ó máa ń yára rì. Àmọ́ àìtó ẹ̀jẹ̀ a máa mú un ga, oyún a máa mú un ga, ọjọ́ orí náà a máa mú un ga. Ní ti ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, ó lè wà nílẹ̀ bí ara ò tilẹ̀ yá, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bí dòjé kì í lè tò léra wọn bó ṣe yẹ.

*CRP.* Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èròjà yìí nígbà tó bá gbọ́ ariwo àwọn ońṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá kó ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ní sọráyásísì jọ, tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí kò ní, CRP àwọn tó ní i sábà máa ń ga jù lápapọ̀, pàápàá bí ó bá bo ibi púpọ̀ lára. Ṣùgbọ́n ibà a máa gbé CRP ga, ehín tó ń kẹ̀ a máa gbé e ga, ọgbẹ́ ẹsẹ̀ a máa gbé e ga, ara sísanra jù náà a máa gbé e ga díẹ̀. Ní Kumasi, níbi tí ẹ̀fọn kò ti gba ìsinmi, ta ló fẹ́ sọ pé CRP tó ga lónìí kì í ṣe ti ibà?

Èéfín tí a rí lókè sọ fún wa pé iná ń jó ládùúgbò. Kò sọ ilé ẹni tó ń jó. Bẹ́ẹ̀ ni ESR àti CRP rí.

*Neutrophil tó kéré.* Èyí ló dẹ́rù bà yín jù, òun sì ni kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ kó dẹ́rù bà yín. Neutrophil jẹ́ ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì funfun. Iye tí ọ̀pọ̀ láàbù ń pè ní "ó dára" wá láti ara àwọn ará Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ jùlọ àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni kò ní èròjà kan tí ń jẹ́ Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa wa. Àìní rẹ̀ yìí ló ń gbà wá lọ́wọ́ irú ibà kan, òun náà ló sì ń mú kí neutrophil inú ẹ̀jẹ̀ wa kéré sí tiwọn láìsí àìsàn kankan. Nítorí náà, ara líle ni ẹlòmíràn wà tí láàbù ń kọ L fún un. Ẹ fi han dókítà, ẹ jẹ́ kó fi wé àyẹ̀wò mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ra oògùn "agbẹ̀jẹ̀ga" lọ́jà.

*HIV kò sí.* Àyẹ̀wò yìí dára, kì í ṣe ẹ̀gàn. Sọráyásísì tó bá dé lójijì, tó sì bo ara, lè jẹ́ àmì pé HIV wà, nítorí náà dókítà tó bá béèrè fún un mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ ó wá bèèrè pé, kí ló dé tí wọn kò kúkú wọn IL-17 àti IL-23 fúnra wọn? Àwọn olùwádìí ń wọ̀n wọ́n, wọ́n sì rí i pé lápapọ̀ wọ́n pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní sọráyásísì. Àmọ́ inú awọ ara ni ibùdó ogun náà gan-an. Ẹ̀ṣẹ́kù ìró ìbọn ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Iye ti aláìsàn kan lè bá ti ẹni tí ara rẹ̀ le dọ́gba, kò sì sí iye kan tí gbogbo dókítà fọwọ́ sí pé bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, sọráyásísì ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan lónìí, ní Kumasi, ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tó lè sọ pé "sọráyásísì ni" tàbí "kì í ṣe òun". Ojú dókítà awọ ara ló ń dá a mọ̀. Bí ó bá ṣiyè méjì, yóò gé awọ díẹ̀, yóò fi sábẹ́ ẹ̀rọ awò-kékeré.

Ìyá wa, dókítà kò parọ́, ìwé náà kò sì parọ́. Ìbéèrè tí ìwé kò lè dáhùn ni ẹ bi í.

Ìka tó le láàárọ̀

Nínú mẹ́wàá tó ní sọráyásísì, ó lè tó mẹ́ta tí ogun náà yóò dé oríkèé wọn. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ara ló ń kọ́kọ́ yọ, oríkèé á tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: oríkèé tó le láàárọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ń dẹ̀ bí ènìyàn bá ṣe ń lò ó, odindi ìka kan tó wú láti ìdí dé orí, gìgísẹ̀ tó ń dun ènìyàn, èékánná tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí orí òrùka aránṣọ, tàbí tó ń ṣí kúrò lára ẹran.

Ìrora iṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń dùn, alẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń ro ó, bí ó bá sinmi á dẹ̀. Ẹni tí àrùn oríkèé yìí mú, ìsinmi ló ń mú un le.

Ibí yìí ni ìwé láàbù ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà jù. *Rheumatoid factor*, tí wọ́n ní kò sí, jẹ́ àmì àrùn oríkèé mìíràn. Lára ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí sọráyásísì bá dé oríkèé wọn, kì í sí níbẹ̀. Ẹni tó bá rí "kò sí" tó sì lọ sùn lè máa fi ìka rẹ̀ tọrẹ. ESR àti CRP náà lè wà bó ṣe yẹ lára bí ìdajì àwọn tí oríkèé wọn ń jó lọ́wọ́. Oríkèé tí àrùn yìí bá sì ti jẹ kì í padà sípò mọ́. Oṣù díẹ̀ tí a bá fi dúró lè jẹ́ ọ̀ràn ọwọ́ fún gbogbo ọjọ́ ayé.

Ọmọ yín jẹ́ télọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni oko rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ tún máa rówó àyẹ̀wò mìíràn. Ẹ padà sí ọ̀dọ̀ dókítà yẹn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ ìka yìí fún un kí ẹ tó sọ ti awọ. Bí ó bá kọ̀wé pé kí ẹ lọ sí Komfo Anokye Teaching Hospital ní Bantama, ibi tí àwọn ará Kumasi ń pè ní Gee, ẹ gbé ìwé yẹn, kí ẹ wọ trotro, kí ẹ lọ. Kí ọmọ náà ya fọ́tò ìka rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tó bá wú jù, nítorí ó lè ti wálẹ̀ kí dókítà tó rí i.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí ẹ náwó sí

A kò sọ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò wúlò. Ó wúlò gan-an, àmọ́ lẹ́yìn tí dókítà bá ti mọ àrùn náà, tó fẹ́ mọ oògùn tí ara lè gbà.

Bí ibi tó yọ kò bá pọ̀, ìpara ni wọ́n sábà ń fún ènìyàn. Bí ó bá pọ̀, tàbí tó dé oríkèé, oògùn oníhóró kan tí ń jẹ́ methotrexate wà, tó ti pẹ́, tí kò sì wọ́n bí àwọn abẹ́rẹ́ tuntun. Kí wọ́n tó fún ènìyàn, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ àti iye ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe wà, wọ́n á sì máa tún wọn wò bí ó ṣe ń lò ó. Wọ́n á yẹ hepatitis B wò, àrùn ẹ̀dọ̀ tó wọ́pọ̀ ní Gánà àti Nàìjíríà, nítorí pé bí a bá mú àwọn ọmọ ogun ara rọlẹ̀, kòkòrò tó ti sùn lè jí. Ẹni tó bá fẹ́ gba abẹ́rẹ́ tó ń di TNF lẹ́nu gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ pẹ̀lú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lo methotrexate fún sọráyásísì, kì í ṣe lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ṣèèṣì ń lò ó lójoojúmọ́ lè kú. Ẹ mú ọjọ́ kan, bí ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sára páálí oògùn náà. Obìnrin tó ń lò ó kò gbọ́dọ̀ lóyún, nítorí náà kí ọmọ yín sọ fún dókítà bí ìgbéyàwó bá ti súnmọ́. Ọtí kò bá a mu, àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá a mu, ẹ̀dọ̀ kan ṣoṣo ló ń ru gbogbo rẹ̀.

Dókítà lè tún yẹ ṣúgà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá wò. Ogun tí ń jó nínú ara kì í mọ sí awọ. Ó lè kan ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá sanra jù, tó sì dín in kù, sábà máa ń rí i pé awọ ara òun náà ń rọlẹ̀.

Ohun tí a lè ṣe nínú ilé

Ìpara inú ike yẹn, tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ṣeé ṣe kí steroid wà nínú rẹ̀. Steroid jẹ́ oògùn gidi nígbà tí dókítà bá sọ iye tí a ó lò, ibi tí a ó pa á sí àti ọjọ́ tí a ó dúró. Àpòpọ̀ ọjà kò sọ ìkankan nínú wọn. Ó lè mú awọ tinrín, ó sì lè mú kí àrùn náà ru padà. Èyí tó léwu jù ni steroid tí a gbé mì tàbí tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́, tí a sì dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì. Bí gbogbo ara bá ń pọ́n tàbí tó ń ṣí, tí ara ń gbóná, tí òtútù ń mú ènìyàn, tàbí tí nǹkan kéékèèké tó ní ọyún yọ káàkiri, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ lọ́jọ́ yẹn.

Òrí dára. Kí ó fi òrí tàbí fàsílì pa ara lẹ́yìn ìwẹ̀, kí omi tó gbẹ tán lára rẹ̀. Kí ó má fi kànìnkànìn ha ìpẹ́ náà, nítorí ibi tí a bá ha tàbí tí a bá dá lọ́gbẹ́ ni sọráyásísì tún ń yọ sí. Irun dídì tó fún jù ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún awọ orí. Ọṣẹ dúdú, tí àwọn ará Gánà ń pè ní Alata samina, orúkọ tí ọ̀pọ̀ so mọ́ àwa Yorùbá aláta tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, máa ń gbẹ awọ tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀.

Ọ̀nà ọ̀fun tó ń dun ọmọdé lè ru ú sókè. Chloroquine, oògùn ibà àtijọ́, lè ru ú sókè, àti díẹ̀ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ máa sọ fún ẹni tó ń ta oògùn fún yín pé ọmọ náà ní sọráyásísì.

Ife omi, kẹ́tùlù àti ìgbéyàwó

Ó ku ìbéèrè kẹta. Sọráyásísì kì í ranni. Kì í ranni nípa fífi ọwọ́ kan ara, nípa ife, nípa kẹ́tùlù àlùwàlá, nípa aṣọ tàbí nípa ibùsùn. Àwọn ọmọ ogun ẹnì kan kì í fò wọ ara ẹlòmíràn. Ọkọ kò lè kó o.

Ní ti ọmọ, ó máa ń tọ ẹbí, a kò ní bò yín lójú. Àmọ́ ọ̀pọ̀ jùlọ ọmọ tí òbí wọn kan ní i ni kì í ní i. Kò tó ìdí láti tú ìgbéyàwó ká.

Kì í sì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Ojú ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá wà a máa kú, ènìyàn kì í mọ̀ ọ́n bí a bá fi òwú kàn án. Ibi tí sọráyásísì bá wà mọ nǹkan, ó tilẹ̀ ń yún ènìyàn. Ẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ní oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá, ọ̀fẹ́ ni, nítorí náà ẹni tó ní òun náà kò yẹ lẹ́ni tí a ń sá fún.

Sọráyásísì kò tíì ní oògùn tó ń lé e lọ títí láé. Ó ṣeé tẹ̀ lórí ba, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ dọjọ́ ogbó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán 100 mílíọ̀nù ènìyàn ló ní i láyé. Ní ọdún 2014, ìpàdé gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ náà fẹnu kò pé ìyà tí kò yẹ ni àwọn tó ní i ń jẹ nítorí pé aráyé ń sá fún wọn. Ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá lọ́dọọdún ni ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un.

Àwọn àgbà wa ní Kumasi rántí ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fi ilẹ̀ Gánà sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún rí pé kó kúrò láàárín wọn kò yẹ kó máa gbé kẹ́tùlù kúrò níwájú ọmọ ẹlòmíràn.

Ìyá wa, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ fi ife kan náà mumi pẹ̀lú rẹ̀ lójú agbo, kí gbogbo agboolé rí i. Ẹ mú àwọn ẹbí ọmọkùnrin náà dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Kí ẹ bá màdáámù tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ sọ̀rọ̀ pé, títí ìka rẹ̀ yóò fi dẹ̀, kó máa fún un ní iṣẹ́ gígé aṣọ lọ́sàn-án, kì í ṣe láàárọ̀ kùtùkùtù. Owó fíríìdọ̀mù tó ti bá láàbù lọ, Ọlọ́run á dá a padà. Ọwọ́ tí yóò fi ránṣọ lẹ́yìn fíríìdọ̀mù náà ni ká tètè gbà sílẹ̀.

Ẹ kọ̀wé sí wa padà, kí a lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìka náà dé. Ó dọjọ́ mìíràn, ẹ̀yin ará ilé.